Alágbàfọ̀ Yaba: Èdè, Ipò àti Ìlépa Ọlá nínú Ìtàn-àròsọ Buchi Emecheta

Inú yàrá kan ní Yaba, lọ́dún 1934, ni Buchi Emecheta ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn inú The Joys of Motherhood, ìwé ìtàn-àròsọ tó jáde ní 1979, tí a lè pe àkọlé rẹ̀ ní Ayọ̀ Abiyamọ lédè Yorùbá. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1934 yẹn gan-an ni ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College ní àdúgbò kan náà. Ìwé náà kò fi ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣe kókó ìtàn rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣòro láti ka ọ̀kan kí a má rántí èkejì, nítorí pé ohun tí ìjọba fi òfin àti ìwé-ẹ̀rí ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ni ọ̀gá òyìnbó inú ìtàn náà fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe fún alágbàfọ̀ rẹ̀: àwọn méjèèjì ló fi ibi tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kò gbọdọ̀ kọjá hàn án.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ló sọ Yaba di ohun tó dà ní àkókò yẹn. Nígbà tí àrùn náà kọ lu Èkó ní 1924, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú àwọn agboolé tó fún mọ́ra ní erékùṣù, ìjọba rí i pé ìlú náà ní láti gbòòrò, wọ́n sì dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, ìyẹn àjọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ títún ìlú tò lé lọ́wọ́. Àjọ yìí la ọ̀nà sí Yaba, ó sì pín ilẹ̀ ibẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Afárá Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1901, ti so orí ilẹ̀ pọ̀ mọ́ erékùṣù, iṣẹ́ rélùwéè sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí Èbúté Mẹ́tta, tó fi jẹ́ pé Yorùbá láti òkè, Ígbò láti ìhà méjèèjì odò Ọya àti Hausa láti òkè ọya ń gbé ojúlé kan náà. Lẹ́yìn ilé àwọn òyìnbó ni bọ́ìsì kọ́tà máa ń wà, èyí tí í ṣe ilé kótópó tí àwọn kúùkù, alágbàfọ̀ àti aṣọ́gbà ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ ni púpọ̀ nínú àwọn tí orúkọ ilé náà ń pè ní ọmọdékùnrin.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun náà kò kúrò lórí ọ̀nà yìí. Wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà kò ní iyì ti yunifásítì, igbákejì òyìnbó ni ẹni tó bá gbà á yóò sì jẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba, bó ti wù kí ọpọlọ rẹ̀ jí tó. Ìbínú lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement ní 1934 kan náà, ẹgbẹ́ tó di Nigerian Youth Movement lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ẹgbẹ́ àti ìwé ìròyìn láti fi ké jáde. Àwọn ará bọ́ìsì kọ́tà kò ní irú rẹ̀, òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ ló sì wá fún wọn lóhùn ní ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà.

Ọmọ àdúgbò náà ni òǹkọ̀wé yìí. Wọ́n bí Emecheta ní Yaba ní 1944 fún àwọn òbí tó wá láti Ibuza, ìlú Ígbò kan ní ìwọ̀-oòrùn odò Ọya. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀, ẹ̀bùn-ẹ̀kọ́ sì ni ó fi lọ sí Methodist Girls' High School ní Yaba kí ó tó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, níbi tó ti kọ àwọn ìwé rẹ̀, tó sì kú sí ní 2017.

Ìfìwàwẹ̀dá ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń pe ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi ń dá ènìyàn inú ìtàn, tí ó ń fún un ní ara, ìwà àti ohùn tí a ó fi dá a mọ̀. Emecheta fi ọgbọ́n yìí gbé ọkùnrin méjì ko ara wọn. Nwokocha Agbadi, bàbá Nnu Ego tí ìtàn náà dá lé, jẹ́ ìjòyè àti ọdẹ ní Ibuza, ó ga, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ débi pé àwọn ènìyàn máa ń péjọ gbọ́ ọ. Nnaife, ọkọ tí wọ́n fẹ́ Nnu Ego fún ní Èkó, kúrú, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣì nítorí àìrí oòrùn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa fọ aṣọ ìyàwó òyìnbó, títí kan èyí tí obìnrin ń wọ̀ sábẹ́. Lójú Nnu Ego, àbùkù tí kò ṣeé sọ délé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Nnaife fúnra rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀, ìṣọwọ́fọṣọ rẹ̀ jẹ́ ohun ìwúrí fún un, nítorí owó oṣù ni wọ́n fi ń wọn ọkùnrin ní Yaba, nígbà tó jẹ́ pé oko, ọmọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní Ibuza. Ìwọ̀n méjèèjì yìí ló ń bá ara wọn jà nínú yàrá kan ṣoṣo.

Ibi tí èdè ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jù ni ìgbà tí Nnaife fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́, tí ó sì kí ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Meers, tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Yaba. Dókítà náà dá a lóhùn, ó sì pè é ní ọ̀bọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Màdáámù bá ọkọ rẹ̀ wí, àwọn méjèèjì ń ta ọ̀rọ̀ sí ara wọn lórí Nnaife, Nnaife alára sì dúró láàárín wọn, ó ń wo ẹnu wọn, kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Emecheta kò jẹ́ kí ó bínú, kò sì fi ọ̀rọ̀ akíkanjú sí i lẹ́nu. Àwọn kan ka ìwé yìí bí ẹni pé àwọn ọkùnrin nìkan ló bá jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ojú ìwé wọ̀nyí yóò mọ̀ pé àánú Nnaife ṣe òǹkọ̀wé náà, torí pé ẹni tí wọ́n ń bú ní èdè tí kò gbọ́ kò lè gbèjà ara rẹ̀, èdè tí kò gbọ́ yìí sì ni ilẹ̀kùn gbogbo ọlá ní Èkó. Cordelia, ìyàwó kúùkù inú ilé náà, ló tú àṣírí rẹ̀ fún Nnu Ego: àwọn ọkọ wọn, ó ní, ti di ẹrú òyìnbó débi pé wọn kò ráyè jẹ́ ọkùnrin mọ́. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni òǹkọ̀wé náà fi òtítọ́ sí lẹ́nu.

Ogun àgbáyé kejì mú àwọn Meers padà sí ìlú wọn, ó sì mú Nnaife kúrò nídìí aṣọ fífọ̀ lọ sídìí koríko gígé ní ọgbà rélùwéè, láti ibẹ̀ lọ sí Bọ́mà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Àsìkò yìí ni ìlépa ọlá kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Nnu Ego ń ta sìgá, ìṣáná àti igi ìdáná kí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lè kàwé, nígbà tí Adaku, orogún rẹ̀ tí kò ní ju ọmọbìnrin lọ, gbọ́ ìdájọ́ àwọn àgbà pé ìyá àwọn ọkùnrin ló ni ilé, ó sì kó jáde, ó di oníṣòwò aṣọ, ó ní ilé ìwé ni àwọn ọmọbìnrin òun yóò lọ. Adaku ni ẹ̀dá-ìtàn tí òye rẹ̀ jinlẹ̀ jù nínú ìwé yìí. Ó mọ̀ pé Yaba ti yí owó padà, kò sì fẹ́ máa ná ti àtijọ́. Nínú Second-Class Citizen, tó jáde ní 1974, ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Adah ló gbé irú ìlépa bẹ́ẹ̀: ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pe orúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ ohun mímọ́, láti inú ìró ohùn yẹn nìkan ló sì ti pinnu pé òun yóò dé ibẹ̀.

Ní Yaba, èdè Yorùbá náà ní ipò tirẹ̀ nínú ìtàn. Taiwo àti Kehinde ni ìbejì tí Nnu Ego bí ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ígbò pọ́ńbélé ni ìyá àti bàbá wọn, nítorí pé orúkọ àmútọ̀runwá ni ìlú Èkó ti fún wọn kí òbí wọn tó ronú. Orúkọ yìí kò dákẹ́ sí ibẹ̀: Kehinde ló fẹ́ fẹ́ ọmọ alápatà Yorùbá kan ládùúgbò, ìyẹn ló mú kí Nnaife gbé àdá lọ sí ilé àwọn àna tí kò gbà ní àna, tí ó ṣá ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù.

Ìwé Yorùbá kan ti ṣáájú Emecheta nínú irú iṣẹ́ yìí. Láàárín 1929 sí 1930 ni Isaac B. Thomas tẹ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé obìnrin gidi ló kọ wọ́n. Ṣẹ̀gilọlá ti jẹ ọlá, ó ti ṣubú, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi ròyìn ìṣubú náà, pẹ̀lú òwe àti orin ìsìn, ní èdè tí gbogbo òǹkàwé rẹ̀ gbọ́. Nnu Ego kò ní irú àǹfààní yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ ni ìtàn rẹ̀ fi dé etí ayé.

Ohun tó jẹ́ kí ìran kóòtù dunni jù nìyẹn. Agbẹjọ́rò bi Nnu Ego léèrè ẹni tí ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ó sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó mọ ẹ̀tọ́ ní Ibuza pé òun ni, ṣùgbọ́n pé ọkọ ló ni òun, bí Ọlọ́run ṣe ni gbogbo ènìyàn. Ní Ibuza, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. Ní kóòtù Èkó, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló sì bà Nnaife jẹ́ lójú ilé ẹjọ́, ó sì wẹ̀wọ̀n. Ìdáhùn kan náà, ilé méjì: nínú èyí ni Emecheta kó gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín Yaba àti Ibuza sí, láìṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọkùnrin Nnu Ego dé ibi tí bàbá wọn kò lè dé. Oshia lọ sí Amẹ́ríkà, Adim lọ sí Kánádà, lẹ́tà wọn kò sì wá bí ìyá wọn ṣe ń retí. Ẹ̀bá ọ̀nà ní Ibuza ni ó kú sí lálẹ́ ọjọ́ kan, láìsí ọmọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sin ín ní ìsìnkú olówó ńlá, wọ́n sì kọ́ ojúbọ fún un kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó bá yàgàn lè máa tọrọ ọmọ níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò fún wọn.