Àwọn Olùṣọ́ Èéfín Òkè Ọ̀run

Nígbà tí Krakatoa, òkè oníná ilẹ̀ Indonéṣíà, bú gbàmù ní oṣù kẹjọ ọdún 1883, tí ó sì tu èéfín rẹ̀ sókè ré kọjá ibi tí òjò ti ń wá, ojú ọ̀run pọ́n fòò ní ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn panápaná ní àwọn ìlú kan ní Amẹ́ríkà fi sáré jáde láti lọ pa iná tí kò sí níbì kankan. Imí ọjọ́ ni òkè náà fẹ́ jáde. Bí gáàsì rẹ̀ bá dé òkè lọ́hùn-ún, a pò mọ́ ọ̀rinrin, a sì di ẹ̀kán ásíìdì tín-ín-tín tí kò sí òjò níbẹ̀ tí yóò fọ̀ ọ́ wá sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni Christian Junge, onímọ̀ ọmọ Jámánì, fi bàlúùnù gbé ẹ̀rọ gòkè, tí ó sì fi hàn pé ìpele àwọn ẹ̀kán yìí ń bẹ ní nǹkan bí 20 kìlómítà sókè, yálà òkè bú tàbí kò bú. Ṣùgbọ́n bàlúùnù kì í rí ju ibi tí ó bá gbà kọjá lọ.

Ní oṣù keje ọdún 1975, nígbà tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Amẹ́ríkà pàdé ti Rọ́ṣíà lókè, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ na ẹ̀rọ kan sí oòrùn láti ojú fèrèsé. Bí ìyá aláṣọ ti í na aṣọ sí ìmọ́lẹ̀ kí ó lè mọ bí ó ti ki tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wo oòrùn la afẹ́fẹ́ kọjá nígbà tí ó bá ń yọ àti nígbà tí ó bá ń wọ̀, tí ó sì ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ bákan náà, SAM II, gòkè ní 1978 láti máa ṣọ́ ìpẹ̀kun ayé méjèèjì. Òmíràn, SAGE, tẹ̀lé e ní 1979.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí El Chichón bú ní Mẹ́síkò ní 1982, àgbà ti kúrò lọ́jà, nítorí SAGE ti dákẹ́ ní ìparí 1981, ojú SAM II kò sì tó ibẹ̀. Àdánù tí kò ṣeé san padà ni mo ka èyí sí, nítorí ìbúgbàmù tí ó ti kọjá kì í padà wá kí a lè wò ó.

SAGE II, tí ọkọ̀ Challenger gbé lọ ní 1984, ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1991, tí Pinatubo, akọ òkè ilẹ̀ Filipíìnì, tu gáàsì imí ọjọ́ tí ó tó mílíọ̀nù 15 sí 20 tọ́ọ̀nù sójú ọ̀run, tí ayé sì fi tutù ní nǹkan bí ìdajì dígírì kan. Èéfín náà ki débi pé ní agbègbè ilẹ̀ olóoru ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò lè là á já, olùṣọ́ sì fọ́jú fún ìgbà díẹ̀. Síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó ń wò ó bí ó ti ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi parí ní 2005.

Lẹ́yìn ọdún 2000, èéfín òkè ọ̀run tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìsí òkè ńlá kan tí ó bú. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan di ẹ̀bi náà ru èédú tí wọ́n ń jó ní Éṣíà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ní 2011 onímọ̀ mìíràn, Jean-Paul Vernier, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì pọ̀ lọ́dún dé ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn òkè oníná kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni SAGE III, tí wọ́n so mọ́ ibùdó gbalasa òfurufú àgbáyé ní 2017, ń fi tirẹ̀ kún.