Ọkọ̀ Ọdẹ Ló Ṣáájú Ọkọ̀ Ìwòran

Bí ọkọ̀ afẹ́ bá gúnlẹ̀ sí South Georgia lónìí, erékùṣù olótùútù tó dá wà ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ẹyẹ òkun làwọn èrò inú rẹ̀ bá wá. Wọ́n sì ń rí i wò: albatross tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3 bó bá nà án tán, àti pẹ́ńgúìnì tó kún etíkun St Andrews Bay bámúbámú, tí iye wọn lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìfẹ́ ẹ̀dá ló bí irú ìrìn àjò yìí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá pa ẹran ló la ọ̀nà náà, inú iṣẹ́ wọn gan-an ni ìwòran ti jáde.

James Cook, awakọ̀ òkun, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní January 1775, ìròyìn tó mú bọ̀ nípa síìlì, ẹranko òkun kan, ló sì ta àwọn ọdẹ lólobó. Ọkọ̀ Aspasia nìkan kó awọ síìlì 57,000 lọ láàárín 1800 sí 1801. Eku bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀, ó ń jẹ ẹyin àtọmọ ẹyẹ tó ń kọ́ ìtẹ́ sórí ilẹ̀. Ní 1904, Carl Anton Larsen, ará Norway, dá ibùdó sílẹ̀ ní Grytviken fún pípa ẹja àbùùbùtán. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York wá fẹ́ rán Robert Cushman Murphy lọ wo ẹyẹ ibẹ̀ ní 1912, Daisy ló wọ̀, ọkọ̀ onígbòkun tó ń lọ wá ọ̀rá àbùùbùtán àti ti síìlì. Bí àwọn atukọ̀ ṣe ń bó síìlì létíkun, òun wà nínú ọkọ̀ pẹ́pẹ́ kan tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ, Grace Emeline, ó ń kọ bí ẹyẹ ṣe ń fò àtohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀. Ó tún ń yìnbọn pa wọ́n, kó lè rí awọ wọn kó lọ sílé. Olùwòran àti ọdẹ, ara kan náà ni wọ́n wà.

Ẹnìkan lè ní àwọn Forster, bàbá àtọmọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀dá, wà nínú ọkọ̀ Cook, wọn kì í sì í ṣe ọdẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n kàn kọjá ni. Àwọn ọdẹ ló ń padà lọ́dọọdún, tí wọ́n fi mọ ibi tọ́kọ̀ lè gúnlẹ̀ sí. Ẹ sì wo àsìkò: nǹkan bí 1966 ni Grytviken kógbá sílé, 1966 náà ni Lars-Eric Lindblad kó arìnrìn-àjò 57 lọ sí Antarctica. Nígbà tí ẹran tán tí pípa kò mówó wọlé mọ́ ni wíwò di ọjà.

Ṣé ọkọ̀ afẹ́ náà kì í ba ibẹ̀ jẹ́ ni? Ó lè bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó kó ju 500 èrò lọ kò fi lè sọ wọ́n kalẹ̀, táwọn èrò ọkọ̀ yòókù sì gbọ́dọ̀ fọ bàtà kí wọ́n tó tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ni wọ́n ń san. Ní 2018 ni wọ́n kéde pé kò séku mọ́ ní South Georgia, owó àwọn èrò ọkọ̀ afẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ra májèlé tó pa eku náà.