Ká Gbóhùn Ìyá: Ẹ̀rí Abiyamọ Níwájú Ìgbìmọ̀ Olùwádìí

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí kò sọ pé àgbà náà purọ́, kò sì sọ pé ó gba rìbá. Ẹ̀bi rẹ̀ kò ju pé ó gbọ́ tẹnu apá kan, ó sì dájọ́. Síbẹ̀ àwọn tó pa òwe náà kò pè é ní aláìmọ̀kan. Òṣìkà ni wọ́n pè é. Ní ilé ìgbẹ̀bí, ọ̀ràn náà tún le ju ti ààfin lọ, nítorí ẹni tí wọ́n lè fẹ̀sùn kàn ló ni kálàmù. Agbẹ̀bí àti dókítà ló ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì; ìyá tó ń rọbí kò kọ nǹkan kan. Bí nǹkan bá bàjẹ́, fáìlì yẹn ni wọ́n máa ń ṣí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilé ìwòsàn Shrewsbury àti Telford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ààlà Wales. Kate, ọmọ Rhiannon Davies àti Richard Stanton, kú ní 2009, ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Pippa, ọmọ Kayleigh àti Colin Griffiths, kú ní 2016. Àwọn òbí mẹ́rin yìí kò fi mọ sórí ẹkún. Wọ́n ń wá ìdílé mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kiri, wọ́n kó orúkọ wọn jọ, wọ́n sì kọ̀wé sí Jeremy Hunt, mínísítà ètò ìlera ìgbà náà, pé kó pàṣẹ ìwádìí. Ìdílé 23 ni ìwádìí náà fi bẹ̀rẹ̀ ní 2017, lábẹ́ Donna Ockenden, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2022, ìdílé 1,486 ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ inú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ rí i pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ 201 yè ká ní wọ́n tọ́jú ìyá wọn bó ti yẹ. Wọ́n tún rí i pé ilé ìwòsàn náà ti ń wádìí ara rẹ̀ látẹ̀yìnwá, tó ń fi orúkọ tó fúyẹ́ pe ọ̀ràn ńlá kí ará ìta má baà yọjú sí i. Níbẹ̀, ẹnìkan tó ń rojọ́ náà tún ni adájọ́.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí kì í ṣe kóòtù. Kì í san owó gbà-má-bínú, kì í sì í dá ẹjọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan; ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wá. Ẹ̀rí tó wúlò fún un jù ni èyí tó to ọ̀rọ̀ bó ti ṣẹlẹ̀: aago mélòó ni ìrọbí mú ìyá, ta ni wọ́n pè, ìgbà wo lẹni náà dé, kí ni ìyá sọ, kí ni wọ́n fi dá a lóhùn, ṣé wọ́n gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. "Wọn kò tọ́jú mi" kò gbé olùwádìí dé ibì kan. "Mo ní ọmọ kò mira mọ́, wọ́n ní kí n lọ sùn" lè gbé e jìnnà. Òfin Bìrìtéènì fún ìyá lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà fáìlì ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kó gbà á kó tó kọ̀wé, kó sì tọ́ka sí ibi tí fáìlì àti ìrántí rẹ̀ ti yàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìdọ́gba sọ pé ewu kí obìnrin aláwọ̀ dúdú kú nínú oyún tàbí lórí ìkúnlẹ̀ ní Bìrìtéènì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti aláwọ̀ funfun. Ní 2025, ìjọba gbé ìwádìí mìíràn lórí ìtọ́jú abiyamọ, ti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lé Valerie Amos lọ́wọ́. Àmọ́ àṣà ilé máa ń pa irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ mọ́ni lẹ́nu. "Ẹ kú ewu ọmọ" ni wọ́n ń kí abiyamọ. Kíkí náà gbà pé ewu wà, ṣùgbọ́n ọpẹ́ nìkan ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ta ni yóò dìde níbi ìkómọ kó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun pe agbẹ̀bí tí kò yà sọ́dọ̀ òun? Ọmọ ṣáà wà láàyè. Ìyá á fẹ̀jẹ̀ sínú, á tutọ́ funfun jáde, wọ́n á sì yìn ín. Bẹ́ẹ̀ àdúrà tí wọ́n ń gbà fún aboyún ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ.

Òwe agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá kò yọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Agbẹ̀bí tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta lóru ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ìgbìmọ̀ Ockenden pe àwọn òṣìṣẹ́ Shrewsbury náà kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, àwọn kan sì sọ ọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí àbọ̀ jáde, mélòó kan nínú wọn gba ọ̀rọ̀ wọn padà, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á dá àwọn mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò sí nínú ìwé náà.