Ọkàn Ẹni Tí Ó Mòòkùn: Ìtàn Ìwádìí Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bí a bá gbọ́ pé òmùwẹ̀ kú sínú omi, ohun tí a kọ́kọ́ ń rò ni pé omi ni ó mu yó. Ṣùgbọ́n ìtàn ìwádìí fi yé wa pé, nígbà mìíràn, ọkàn ni ó kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí?

Ara pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ti rí i. Ní ọdún 1870, Paul Bert, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá ri pẹ́pẹ́yẹ bọ omi, lílù ọkàn rẹ̀ a máa falẹ̀. Ní ọdún 1940, Per Scholander, tí ó ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Norway, fi hàn pé bákan náà ni ó rí fún ẹranko òkun tí a ń pè ní seal. Bí ẹranko yìí bá ti mòòkùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dínkù nínú iṣan ara, kí ọpọlọ àti ọkàn má baà ṣe aláìní. Ní ọdún 1962, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn amòòkùn tí ń wá péálì ní Torres Strait, láàrin Australia àti New Guinea. Ọkàn tiwọn náà ń falẹ̀; ti àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣìlù.

Kí ni ó fà á? Bí ènìyàn bá fi mítà 10 wọ ìsàlẹ̀ òkun, agbára tí ń fún ara rẹ̀ pọ̀ di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Omi àti òtútù a ti ẹ̀jẹ̀ kúrò ní apá àti ẹsẹ̀ wá sí àyà. Ọkàn a kún, ògiri rẹ̀ a nà, lílù rẹ̀ a sì lè dàrú.

Ní ọdún 1943, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ Aqua-Lung ní ilẹ̀ Faransé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pọn afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ inú òkun. Ẹ̀rọ náà fún wọn ní èémí, ṣùgbọ́n kò lé òtútù lọ, kò sì gbé ẹrù omi kúrò lára ọkàn.

Ní ọdún 2012, Michael Shattock àti Michael Tipton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ohun tí ó léwu jù. Bí omi tútù bá ba ara lójijì, àṣẹ a dé pé kí ọkàn sáré. Bí omi bá bo ojú tí a sì séèémí, àṣẹ mìíràn a dé pé kí ó rọra. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Níbi tí àṣẹ méjèèjì ti kọlu ara wọn ni ìlù ọkàn ti ń dàrú, pàápàá nígbà tí a bá tún mí. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè bọ́ níbẹ̀. Ẹni tí àrùn ọkàn ti wà lára rẹ̀ lè ṣègbé. Ìdàrúdàpọ̀ yìí kì í sì fi àmì sílẹ̀ lára òkú, nítorí náà omi nìkan ni a ń dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Kí ẹni tí yóò mòòkùn kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kí ó má sì ṣe bẹ́ sínú omi tútù lójijì. Mímọ omi í wẹ̀ kò tó; ó yẹ kí á mọ ọkàn tí a gbé wọ inú rẹ̀.