Ọ̀kadà àtijọ́: Bí wọ́n ṣe ń tú táńkì epo, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ kébù láìfa ewu

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ṣáṣá kọjá láàárọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, l'Ékòó, yóò mọ̀ pé ohun èlò pàtàkì ni ọ̀kadà jẹ́ fún tolórí tẹlẹ́mù. Òun ló ń gbé èèyàn wọ àwọn àdúgbò inú lọ́hùn-ún tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Òfin ìrìnnà tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2012 ti lé àwọn ọ̀kadà kúrò lórí àwọn títì ńlá. Nígbà tí ìjọba tún fòfin dè wọ́n pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, tí wọ́n sì fi 4 mìíràn kún un nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pe alùpùpù yìí, ara ọkọ̀ òfurufú ló ti wá. Lọ́dún 1983 ni Olóyè Gabriel Igbinedion dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó sọ ọ́. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi sọ alùpùpù tó ń gbé èrò lórúkọ náà, nítorí bó ṣe ń yára débi tó ń lọ.

Nínú àwọn alùpùpù àtijọ́ tí àwọn atọ́kadàṣe mọ̀ dunjú ni Honda CG125. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni iléeṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan gbé e jáde, wọ́n sì ṣe é fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dán, tí eruku pọ̀ níbẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò sì ní máa gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lóòrèkóòrè. Lọ́dún 1979 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Honda ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ṣì ní ọ̀kan tó pẹ́ lọ́wọ́ lè tún un lò fún ọdún púpọ̀, bó bá mọ ohun méjì yìí ṣe: kó mọ bí wọ́n ṣe ń tú táńkì, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ kébù.

Kí ni kébù ń ṣe?

Kébù mẹ́rin ló sábà máa ń wà lára irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀. Ti kílọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ òsì. Ti tọ́rọ́tù, èyí tí agùnkadà ń yí láti fi mú eré pọ̀ sí i, àti ti búrẹ́èkì iwájú wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀kẹrin lọ sínú aago tó ń ka eré. Wáyà irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló wà nínú kébù mẹ́ta àkọ́kọ́, awọ líle sì bò wọ́n lára. Omi òjò àti eruku a máa wọ inú awọ yìí, wáyà náà yóò dípẹtà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá níbi tó ti so mọ́ ọwọ́. Bí ọwọ́ bá ti ń le láti fà, tàbí tí tọ́rọ́tù kò tètè padà sáyè rẹ̀, àkókò tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Kébù búrẹ́èkì tó já lórí ìrìn, tàbí kébù tọ́rọ́tù tó há nígbà tí ọ̀kadà ń sáré, lè gba ẹ̀mí agùnkadà àti ti èrò tó gbé sẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń tú táńkì

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ tú táńkì ni pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn kébù gbà kọjá. Ẹni tó bá kàn ń fi agbára fà wọ́n jáde láìtú u yóò ṣẹ́ wọn.

Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí jẹnẹrétọ̀, sìgá àti iná ìdáná sì jìnnà síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá gbà, ó sì lè lọ bá iná níbi tí ojú kò rò.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà epo tó wà lábẹ́ táńkì, kí wọ́n yọ rọ́bà tó lọ sínú kábúrétọ̀, kí wọ́n sì gbe epo inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Kí wọ́n tú ìjókòó. Bóòtù tó di táńkì mú wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ìjókòó bò. Bí wọ́n bá ti tú u, wọn yóò gbé ẹ̀yìn táńkì sókè díẹ̀, wọn yóò sì fà á sẹ́yìn kó lè kúrò lórí àwọn rọ́bà tó gbé iwájú rẹ̀ ró. Bó bá ní wáyà tó ń fi ìwọ̀n epo hàn, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó fà á. Rọ́bà tó bá ti gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí bí irin bá ń gbo táńkì, yóò lu ihò sí i.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ kébù

Kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán ọ̀nà tí kébù gbà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n àwọn àgbà atọ́kadàṣe ni láti so okùn tín-ínrín mọ́ ìdí kébù àtijọ́. Bí wọ́n bá fà á jáde, okùn náà yóò dípò rẹ̀, wọn yóò sì fi fa tuntun wọlé lójú ọ̀nà kan náà. Kí wọ́n gbé kébù tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí wọ́n rí i pé gígùn wọn dọ́gba.

Ti tọ́rọ́tù ló gba sùúrù jù. Inú kábúrétọ̀ ni ìdí rẹ̀ wà, níbi tí sípíríngì àti irin róbótó kan wà tí abẹ́rẹ́ so mọ́. Irin yìí ní ojú ihò tó gbọ́dọ̀ bá ìṣó kékeré inú kábúrétọ̀ mu. Bí wọ́n bá fi sí i lódìkejì, kò ní í lọ sílẹ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ké lọ́nà tí kò yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Fún Honda CG125, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní àyè mílímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, búrẹ́èkì iwájú 20 sí 30, tọ́rọ́tù 2 sí 6. Bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá ní àyè rárá, yóò máa yọ̀, yóò sì jó.

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá táńkì padà, tí wọ́n sì ti wò ó pé epo kò jò, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yí ọwọ́ ọ̀kadà dé òpin apá òsì, kí wọ́n sì yí i dé òpin apá ọ̀tún. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, kébù tọ́rọ́tù ti há tàbí ó ti fà jù. Irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde sójú títì, torí bó bá dé kọ́nà, fúnra rẹ̀ ni yóò sá eré.

Táńkì tó ń jò

Ewu tó tún burú jù ni ti táńkì tó lu, tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ọ̀pọ̀ rò pé bí epo bá ti tán nínú rẹ̀, kò séwu mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́kù sínú táńkì òfìfo ló ń bú gbàù. Ẹni tí kò ní ohun èlò àti ìmọ̀ láti lé afẹ́fẹ́ náà jáde pátápátá kò gbọdọ̀ fi iná kàn án. Ó sàn kí wọ́n ra táńkì mìíràn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Owó kébù kò tó nǹkan lára owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ tó kán.