Òjò Ló Pa Ẹyẹlé: Bí Barnacle Ṣe Kúrò Nílé Ìgbín Bọ́ Sílé Akàn

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Bàọ́lọ́jì ní Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, tó sì fi mọ́tò gbé wa lọ sí etíkun Stonehaven, èmi ni gbogbo ilé kọjú sí pé kí n máa sọ orúkọ ohun tí a bá rí. Òkun ti fà sẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Àpáta tó fi sílẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n da gààrí lé e lórí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ tì í kí n má baà yọ̀ ṣubú, ó sì bó mi lọ́wọ́. Gààrí kọ́ o! Ìkarahun wẹ́wẹ́ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná ọmọdé lọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn pinpin. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí pé, "Màmá àgbà, kí nìyí?" Mo ní, "Ìgbín òkun ni."

Mo ṣì í wí. Barnacle ni, kò sì bá ìgbín tan rárá. Akàn, edé àti alákàṣà ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ohun tí mo kọ sójú pátákó láìmọye ìgbà ni, àmọ́ nígbà tí mo fojú kàn án lórí àpáta, ìkarahun rẹ̀ tàn mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn bí aráyé ṣe mọ ẹni tí barnacle jẹ́. Mo wá rí i pé àṣìṣe mi ti wà láyé tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi, àwọn tó sì ti ṣe é ṣáájú mi kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Oríṣi barnacle kan wà tí kì í jókòó sórí àpáta. Ó ní ọrùn gígùn tó fi ń so rọ̀ lára igi tó ń léfòó lójú òkun. Ẹyẹ kan náà sì wà tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, ọrùn rẹ̀ gùn, ìgbà òtútù nìkan ló máa ń yọjú sí etíkun Britain àti Ireland. Kò sẹ́ni tó rí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ẹyin rẹ̀. Ní nǹkan bí 1188, àlùfáà Gerald ará Wales kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe nípa ilẹ̀ Ireland pé ara igi inú òkun ni ẹyẹ náà ti ń jáde, inú ìkarahun ló ti ń hu ìyẹ́. Ó ní òun fi ojú ara òun rí i. Ó tún ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan ń jẹ ẹyẹ náà nígbà ààwẹ̀ láìbẹ̀rù, nítorí pé wọn kò kà á sí ẹran. Ẹnu àwọn àgbà tó ń gbààwẹ̀ kò jẹ́ kí irọ́ náà tètè kú.

Ọba Frederick Kejì ti ilẹ̀ Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo wọn ti ṣe. Ó ní kí wọ́n gbé igi náà wá. Ó wo inú ìkarahun ara rẹ̀, kò rí ohun tó jọ ẹyẹ níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ fífi àṣá dọdẹ pé ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni àwọn ẹyẹ náà ti ń yé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ní 1596, nígbà tí àwọn atukọ̀ Willem Barentsz, ará Netherlands, bá irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lórí ẹyin ní erékùṣù Spitsbergen, lápá àríwá pátápátá. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1597, John Gerard tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé àti egbò ní London, ó sì ya àwòrán igi tó ń so ẹyẹ sí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ rọlẹ̀, ti ìgbín ló kù. Linnaeus ará Sweden, baba àwọn tó ń fún ẹ̀dá lórúkọ, kó barnacle pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá oníkarahun. Ní 1767, ó sọ èyí tó bó mi lọ́wọ́ yẹn ní Lepas balanoides. Cuvier, ọ̀gá gbogbo ọ̀gá ní Paris, la inú wọn wò, ó rí i pé okùn iṣan inú wọn kò jọ ti ìgbín. Síbẹ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1817, ìdílé ìgbín náà ló fi wọ́n sí. Àwọn àgbà wa ní òjò ló pa ẹyẹlé tó fi wọ ilé adìẹ. Ẹni tó bá bá àwọn méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan náà lè pè wọ́n ní ọmọ ìyá. Ìgbì òkun ni òjò tiwọn: ó ń lu ìgbín, ó ń lu barnacle, kálukú wá kọ́lé òkúta sára.

Ẹni tó tú àṣírí náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Dókítà ọmọ ogun ni, John Vaughan Thompson lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1779, iṣẹ́ ológun sì ti gbé e dé Mauritius àti Madagascar kó tó fìdí kalẹ̀ sí Cork, ní Ireland. Bó bá ti ráyè, á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àwọ̀n, á máa wọ́ ọ nínú omi. Nígbà ìrúwé ọdún 1826, àwọn ohun kékeré kan kó sínú àwọ̀n náà. Ara wọn mọ́ gaara, wọ́n ní ojú méjì, wọ́n ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń wẹ̀, wọ́n sì jọ edé. Ó dà wọ́n sínú ìgò omi òkun, ó ń ṣọ́ wọn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, méjì nínú wọn bọ́ awọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò, wọ́n sì di barnacle.

Èyí kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ẹni tó ní ìkòkò omi lẹ́yìnkùlé mọ tanwíji, ó sì mọ ohun tí tanwíji ń dà. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ẹni tí kò rí tanwíji rí, tó jẹ́ pé ẹ̀fọn nìkan ló mọ̀. Ibi tí ayé wà lórí ọ̀rọ̀ barnacle nìyẹn, títí Thompson fi tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1830. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn sínú àkọlé rẹ̀ gan-an, pé barnacle ń tan ojú jẹ. Akàn a máa bọ́ awọ, edé a máa bọ́ awọ, ẹsẹ̀ wọn ní oríkèé. Ìgbín kò ní oríkèé, bẹ́ẹ̀ ni kì í bọ́ ìkarahun rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Ọmọ inú ìgò náà ti sọ ilé baba rẹ̀.

Báwo ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń di òkúta? Bó bá ti rí àpáta tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi orí balẹ̀, á tú lẹ́ẹ̀ jáde níwájú orí rẹ̀, orí náà á sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ títí láé. Á wá mọ ògiri mẹ́fà yí ara rẹ̀ ká, á fi ilẹ̀kùn sókè. Bí òkun bá kún, á ṣílẹ̀kùn, á na ẹsẹ̀ méjìlá tó rí bí ìyẹ́ síta, á máa fi wọ́n kó oúnjẹ látinú omi. Bí òkun bá fà, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwọ̀nba omi tó kù fún un. Ó fi orí jókòó, ó ń fi ẹsẹ̀ bọ́ ara rẹ̀.

Charles Darwin ló wá tú gbogbo ìdílé náà palẹ̀. Ní January 1835, ní erékùṣù Chonos lápá gúúsù ilẹ̀ Chile, ó rí barnacle kan tí kò ní ìkarahun rárá, tó gbẹ́ ihò wọ inú ìkarahun ẹlòmíràn. Kò mọ ibi tí yóò fi sí. Ní 1846 ó ní kí òun yanjú ẹyọ yẹn. 1854 ló tó kúrò nídìí wọn. Wọ́n ń sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò, ó béèrè pé yàrá wo ni baba ilé yẹn ti ń ṣe barnacle tirẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo baba ló rò pé ó jẹ́! Darwin rí i pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akọ, wọ́n tún jẹ́ abo. Ó tún rí àwọn kan tí akọ wọn kéré débi pé ara abo ló ń lẹ̀ mọ́ bí iná orí. Òun náà ṣì í: ó rò pé ibi tí ẹyin ti ń wá ni lẹ́ẹ̀ náà ti ń wá. Onímọ̀ ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Krohn tọ́ ọ sọ́nà ní 1859, Darwin sì gbà pé òun ṣìṣe.

Òtútù ni ẹni tó bó mi lọ́wọ́ fẹ́. Ní Ọ̀sà Èkó, barnacle ń lẹ̀ mọ́ òpó àti ìdí ọkọ̀ nínú ooru, ṣùgbọ́n ti Stonehaven yìí kì í bímọ bí omi kò bá tutù tó. Ẹ dárí jì mí, Bàọ́lọ́jì ni mo kọ́: nítorí pé kò lè rìn lọ bá aládùúgbò, okó rẹ̀ ni ó ń nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tó gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ìparí ọdún ni wọ́n ń gùn, á fi ẹyin pamọ́ sínú ilé ní gbogbo ìgbà òtútù, á tú ọmọ sómi nígbà ìrúwé, tí oúnjẹ bá ti pọ̀ nínú òkun.

Mo pe ọmọ-ọmọ mi lórí fóònù, mo sọ fún un pé mo ṣì í wí, akàn ló bá tan. Ó ní tíṣà òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Semibalanus balanoides ni ìwé ń pè é lónìí, wọ́n sì ń kọ orúkọ Linnaeus àti ọdún 1767 tẹ̀lé e nínú àkámọ́. Àkámọ́ yẹn ní ìtumọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà: ẹni yìí ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tó fi í sí kọ́ ló ń gbé mọ́.