Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lápò Òṣìṣẹ́

Láyé ẹrú, ní àwọn oko ìrèké erékùṣù Caribbean àti ti Suriname, àáké kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi ìrèké. Kì í ṣe ìrèké ni wọ́n ń fi í gé. Òpó rìbìtì mẹ́ta ló ń yí níbẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn, ẹrú á sì máa ti ìrèké bọ àárín wọn tọ̀sán-tòru lásìkò ìkórè, bí oorun tilẹ̀ ń kùn ún. Bí ẹ̀rọ náà bá gbá a níka mú, kò sí ohun tó lè dá a dúró kíákíá, nítorí màlúù, omi tàbí afẹ́fẹ́ ló ń yí i. Apá ni wọ́n ń gé kí ara tó kù má baà tẹ̀ lé e. Voltaire, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀kan nínú irú àwọn ẹrú bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ Candide lọ́dún 1759. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí, ìdí iṣẹ́ ìrèké ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí.

Lónìí, àgádágodo ló rọ́pò àáké. Kí ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á pa iná rẹ̀ láti orísun, á fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìṣì náà pa, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Á tún padà lọ tẹ bọ́tìnnì wò bóyá ẹ̀rọ náà yóò ta pútú. Bí kò bá mira, ìgbà náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. LOTO ni àwọn ẹlẹ́rọ ń pe ètò yìí. Owó àgádágodo kan kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó gba àkókò gígùn kí òfin tó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó fa ìdádúró náà ju ọ̀rọ̀ irin lọ. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ta ló láṣẹ láti sọ pé kí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí?

Ní àwọn ilé ìrànwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán wọ abẹ́ ẹ̀rọ láti ṣa èérún òwú, ẹ̀rọ kì í sì í dúró dè wọ́n. Ní 1844 ni òfin wá sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ nu ẹ̀rọ tó ń yí lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ wà láàárín apá tó dúró sójú kan àti apá tó ń lọ tó ń bọ̀ lára ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́. Òfin kan náà ní kí wọ́n ṣe ọgbà yí àwọn apá tó léwu ká. Ọ̀nà yìí ni ilẹ̀ wa náà jogún, nítorí ọ̀rọ̀ ọgbà ṣì gba àyè ńlá nínú Òfin Ilé Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1987. Ọgbà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síta ni ó ń dáàbò bò. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní láti ṣí ọgbà náà kó tó wọlé.

Bó bá tilẹ̀ wù ú láti dá ẹ̀rọ dúró, ọ̀nà rẹ̀ kò rọrùn láyé àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan ṣoṣo ló ń yí ọ̀pá irin gígùn tó wà lókè àjà, bẹ́líìtì awọ á sì ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ tirẹ̀ sinmi á ti bẹ́líìtì náà sórí kẹ̀kẹ́ mìíràn tó ń yí lásán. Bẹ́líìtì yìí lè yọ́ rìn padà fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì gbéra nígbà tí ọwọ́ èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Ní January 1909, Lewis Hine, ayafọ́tò kan, ya fọ́tò àwọn ọmọkùnrin ní ilé ìrànwú Bibb ní ìlú Macon, Georgia. Wọ́n kéré débi pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n gùn kí ọwọ́ wọn tó lè tó òwú tó já. Ọ̀kan nínú wọn kò wọ bàtà.

Ní àsìkò yẹn kan náà, Crystal Eastman, obìnrin agbẹjọ́rò, ṣe ìwádìí òkú tó ti ẹnu iṣẹ́ wá ní àgbègbè Allegheny, níbi tí Pittsburgh wà, láàárín July 1906 àti June 1907. Iye òkú náà jẹ́ 526. Ohun tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa ń sọ ni pé àìbìkítà òṣìṣẹ́ ló ń pa á. Eastman gbé ẹjọ́ wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1910 pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin Amẹ́ríkà ti ní ìdáhùn kan ní tiwọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ wáágùn lọ tún un ṣe á ta àsíá búlúù sí i. Bó bá di alẹ́, á gbé fìtílà búlúù kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa wáágùn náà, wọn kò sì gbọdọ̀ so òmíràn mọ́ ọn. Àwọn tó ta àsíá náà nìkan ló láṣẹ láti ká a. Awakọ̀ kò lè ká a, ọ̀gá ibùdókọ̀ kò lè ká a. Ìlànà kan náà ló wà nídìí LOTO lónìí.

Nígbà tí iná mànàmáná dé ilé iṣẹ́, tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò tirẹ̀, ohun tí èèyàn lè tì pa wá wà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n súìṣì lè wà ní ìsàlẹ̀ ilé kí ẹ̀rọ wà lókè. Wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí orí rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ kò lè fojú rí ẹni tó ń bọ̀ wá tan iná. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wá ń fi káàdì kọ́ súìṣì: "Má tan iná, èèyàn ń ṣiṣẹ́." Káàdì ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ó lè já bọ́, epo lè bo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹni tó ń kánjú sì lè yọ ọ́ kúrò.

Lórí ọ̀rọ̀ káàdì àti àgádágodo yìí ni ìjà ńlá ti wáyé ní Amẹ́ríkà. Òfin ààbò ẹnu iṣẹ́ dé ní 1970, ó sì bí àjọ OSHA. Ní 1979, UAW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, kọ̀wé sí àjọ náà pé kó ṣe òfin pàjáwìrì lórí títi ẹ̀rọ pa. Kò rí i gbà. Ìlànà kan tí ilé iṣẹ́ lè tẹ̀ lé bó bá wù ú jáde ní 1982. September 1, 1989 ni OSHA tó gbé òfin náà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1990. Láàárín ọdún 1973 sí 1995, ọmọ ẹgbẹ́ UAW 414 ló kú sẹ́nu iṣẹ́. Nínú wọn, 83 kú nítorí pé wọn kò de agbára ẹ̀rọ bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Òkun Àríwá, nítorí kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti korò tó Piper Alpha, ibùdó epo rọ̀bì kan tó wà lórí omi nítòsí Scotland. Lọ́jọ́ 6 July 1988, wọ́n ti yọ fáàfù ààbò kan kúrò lára páìpù póńpù A láti lọ tún un ṣe, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ dí ojú ihò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán tán kí iṣẹ́ náà tó parí. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ méjì ló wà lórí ọ̀rọ̀ póńpù náà: ọ̀kan sọ nípa àtúnṣe póńpù fúnra rẹ̀, tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀, èkejì sọ nípa fáàfù. Ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn tó gba iṣẹ́ alẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, póńpù B kú. Wọ́n dá iná padà fún póńpù A, wọ́n sì fẹ́ tan án. Gáàsì tú jáde láti ibi tí fáàfù kò sí. Èèyàn 167 ló kú; 61 péré ló yè. Ìwé wà, àṣẹ wà, ọwọ́ ẹni tó mọ òtítọ́ nìkan ni kò sí lórí súìṣì. Nígbà tí Lord Cullen, adájọ́ tó wádìí jàǹbá náà, gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1990, pẹ̀lú ìmọ̀ràn 106, ọ̀kan nínú wọn ni pé kí wọ́n máa fi àgádágodo àti káàdì ti fáàfù pa.

Òfin Amẹ́ríkà kò tíì pé oṣù méjì tó jáde tí ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Phillips ní Pasadena, Texas, fi gbaná. Lọ́jọ́ 23 October 1989, wọ́n ń tú páìpù kan tó dí. Fáàfù kan ṣoṣo ló dá gáàsì dúró, kò sí ohun tí wọ́n fi tì í, wọ́n sì ti so rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ń ṣí i tó ń pa á lódìlódì. Ẹni 23 kú.

Síbẹ̀, ẹjọ́ dé kóòtù. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ní òfin náà gbòòrò jù. UAW ní ó fàyè gba káàdì jù. Ní 1991 kóòtù dá a padà fún OSHA pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ní 1994 kóòtù náà fọwọ́ sí i. Òfin náà dúró báyìí: bí súìṣì bá ṣeé tì, àgádágodo ni kí wọ́n lò, àfi bí ilé iṣẹ́ bá lè fi hàn pé ààbò káàdì tó ti àgádágodo. Okùn tó so káàdì mọ́ súìṣì gbọ́dọ̀ lè gba ìfà ìwọ̀n 50 pọ́n-ùn kó tó já. Ó sì kan ju iná lọ: sípíríǹgì tó ká, ooru tó há sínú páìpù, irin tó so rọ̀ lókè, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú tàbí dè. Ìdí wà fún èyí. Nínú jàǹbá 152 irú èyí tí NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò ẹnu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wádìí láàárín 1982 àti 1997, 124 ló ṣẹlẹ̀ nítorí pé wọn kò pa agbára ẹ̀rọ náà tán pátápátá.

Bí èèyàn mẹ́fà bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan, àgádágodo mẹ́fà ló wà lójú irin náà, ẹ̀rọ kò sì ní yí títí ẹni ìkẹfà yóò fi ṣí tirẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan gbàgbé, tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nínú ọgbà iṣẹ́. Kí wọ́n wá a kàn bí agbára wọn bá ṣe mọ. Bí wọ́n bá já àgádágodo rẹ̀ níkẹyìn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó tún fọwọ́ kan iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.